Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Ọmọ Mi Ń Múra Ìdánwò JAMB

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní ilé-ìwé girama ní Ìbàdàn, mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí wọn pé, tí wọ́n ń nawọ́ kí olùkọ́ tó béèrè ọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n tí ìdánwò JAMB, èyí tí a fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà, sọ di ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ìwé. Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù ni ohun tí wọn kò rí rí: kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiwọn, aago tí ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn lójú wọn, ẹ̀rọ tí ń yẹ ìtẹ̀ka wọn wò lẹ́nu ọ̀nà, àti òbí tí ó dúró sí ẹ̀yìn géètì bí ẹni tí ó ń retí ìdájọ́. Nígbà tí ó wá kan ọmọbìnrin mi, ẹni tí ó jẹ́ èkejì nínú àwọn ọmọ wa, ní ọdún 2024, mo pinnu pé iṣẹ́ tèmi kọ́ ni láti kọ́ ọ ní Físíìsì, nítorí n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tèmi ni láti rí i pé nígbà tí ọjọ́ náà bá dé, kò ní sí ohun kan tí yóò ṣe àjèjì sí i àfi àwọn ìbéèrè fúnra wọn.

Ọmọ yìí fẹ́ràn ìwé, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì ni òun yóò ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, inú a bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, oúnjẹ a di ohun tí ó ń sá fún, yóò sì máa ka ohun tí ó ti mọ̀ dáadáa ní àkàtúnkà títí di ọ̀gànjọ́ òru. Gbogbo wa nínú ilé ni a máa ń sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Mo wá ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é ní àǹfààní kankan. Ó tilẹ̀ ń dá kún un, nítorí pé ẹni tí a kò bá rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, ta ni í sọ fún un pé kó má bẹ̀rù? Mo fún un ní bébà kan, mo ní kí ó kọ gbogbo ohun tí ń já a láyà nípa JAMB sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó má ṣe fi èyí tí ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín pamọ́.

Bébà náà kún fọ́fọ́. Bí iná bá lọ ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá kọ ìka mi ńkọ́? Bí mo bá ṣèèṣì tẹ ohun tí yóò pa gbogbo iṣẹ́ mi rẹ́ ńkọ́? Bí àkókò bá tán tí n kò tíì dé Físíìsì ńkọ́? Bí mo bá gbàgbé orúkọ mi ńkọ́? Èyí pa òun fúnra rẹ̀ lẹ́rìn-ín nígbà tí ó kà á sókè. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó kọ ọ́ sí pé: bí Dádì àti Mọ́mì bá bínú ńkọ́? Nínú gbogbo wọn, bóyá ni méjì jẹ mọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù jẹ́ ohun tí ènìyàn lè wádìí tàbí ohun tí a lè máa ṣe léraléra títí yóò fi mọ́ni lára, a sì rí ọ̀kan tí ó jẹ́ pé àwa òbí nìkan ni a lè dáhùn rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó ṣe é wádìí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó oríṣiríṣi ìtàn sí i létí, pé bí ènìyàn bá ṣi ìbéèrè kan, wọn yóò yọ máàkì kúrò nínú èyí tí ó ti gbà, àti pé ẹni tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, kí ó má wulẹ̀ lọ. A jọ ka ìlànà ìdánwò náà láti òkè dé ilẹ̀, a sì gba sílábọ́ọ̀sì ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó fẹ́ ṣe. Ìbéèrè 180 ni: 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, àti 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù, tí ó jẹ́ Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì fún ẹni tí ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Wákàtí méjì ni wọ́n fún gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì 100, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 400. Wọn kì í yọ máàkì nítorí ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà kò sí ìdí tí ènìyàn yóò fi fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófìfo. Sílábọ́ọ̀sì náà ní tirẹ̀ wúlò ju bí mo ti rò lọ. Ó fi báírò aláwọ̀ ewé fàlà sí gbogbo orí ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀, ó sì fi pupa sí èyí tí kò mọ̀, ẹnu sì ya òun alára pé ewé ju pupa lọ fíìfíì.

Nígbà tí ó ṣe ìṣirò tí ó rí i pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó figbe ta. N kò bá a jiyàn. Mo ní kí ó mú ogún ìbéèrè nínú Báyọ́lọ́jì kí ó dáhùn wọn, èmi yóò máa wo aago. Ó ṣe é tán kí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó pé. A ṣe irú rẹ̀ nínú Físíìsì, mẹ́wàá péré sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Ìgbà yẹn ni ó yé e pé kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ni ó ń jẹ àkókò bákan náà, pé Báyọ́lọ́jì lè yá Físíìsì ní ìṣẹ́jú láìgba èlé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pín wákàtí méjèèjì: Báyọ́lọ́jì ìṣẹ́jú 18, Gẹ̀ẹ́sì 32, Kẹ́mísírì 28, Físíìsì 34, kí ìṣẹ́jú 8 sì ṣẹ́kù fún àwọn ìbéèrè tí ó bá fò. Mo gbà gbọ́ pé bí ó ti jẹ́ pé òun ni ó pín in ṣe pàtàkì ju bí ìpín náà ti dára tó lọ, nítorí ètò tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ó máa ń rántí nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rọrùn ju bí àwọn ènìyàn ti ń bú u lọ. Kò pọn dandan kí ọmọ mọ máòsì í lò, nítorí bọ́tìnì mẹ́jọ ni JAMB là sílẹ̀ fún ìdánwò náà: A, B, C àti D fún yíyan ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tí ó kàn, P láti padà sí èyí tí ó ti kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá parí, àti R láti yí i padà bí ọwọ́ bá ti ṣèèṣì kan S. R yìí ni ó pa ẹ̀rù tí ó tóbi jù nínú bébà náà. Mo yá kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan lọ́wọ́ ẹnìkejì mi ní ibi iṣẹ́, a sì fi teepu bo àwọn bọ́tìnì yòókù kí mẹ́jọ wọ̀nyí nìkan lè hàn. Ó ń ṣe ìdánrawò lórí rẹ̀ títí tí kì í fi í wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ fún un pé kí ó tẹ S nígbà tí kò tíì dé ìdajì, kí ó lè fi R bọ́ nínú rẹ̀ kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Fún ìdí kan náà ni mo fi sanwó ìdánwò ìdánrawò tí JAMB máa ń ṣe ṣáájú ìdánwò gan-an fún ẹni tí ó bá fẹ́. Àwọn òbí kan ń sọ pé ìnáwó lásán ni, níwọ̀n bí wọn kò ti ní ka máàkì rẹ̀ mọ́ tòótọ́. Lójú tèmi, àìka máàkì náà gan-an ni ó fi dára. Ní ibi tí tirẹ̀ bọ́ sí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ dákú láàárín iṣẹ́. Ó nawọ́, ó dúró, wọ́n gbé e lọ sí orí òmíràn, àwọn ìdáhùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀ bí ó ti fi wọ́n sílẹ̀. Mo rí i bí ó ti sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ nígbà tí ó délé, pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tí ó ti ogun bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ó kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, n kò rò pé a lè rẹ́rìn-ín sí i.

Ìbéèrè àtijọ́ ni gbogbo ènìyàn ń kà, ọmọ tiwa náà sì ti ka púpọ̀. Ṣùgbọ́n kíkà á láti fi gba máàkì yàtọ̀ sí kíkà á láti fi mọ ara ẹni. Mo rà ìwé kékeré kan fún un, mo ní kí ó máa kọ gbogbo ìbéèrè tí ó bá ṣì síbẹ̀, kí ó sì kọ ìdí tí ó fi ṣì í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ṣé kò mọ̀ ọ́n ni, ṣé ó ṣi ìbéèrè náà kà ni, tàbí ó yára jù? Kò pẹ́ tí ohun kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Àwọn tí kò mọ̀ kò pọ̀. Èyí tí ó ń jẹ máàkì rẹ̀ ni ìbéèrè tí ó ní ọ̀rọ̀ bí "àyàfi" tàbí "èwo ni kì í ṣe" nínú, àti apá Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní kí a yan ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ti ọ̀rọ̀ kan, tí èyí tí ó ní kí a yan òdìkejì rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Bí ó bá ti rí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu, a fò mọ́ ọn, láìrántí pé òdìkejì ni wọ́n béèrè. A kò lè fi báírò yí ọ̀rọ̀ ká lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ó kọ́ ara rẹ̀ láti máa fi ètè ka ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìbéèrè ró kí ìka rẹ̀ tó kan bọ́tìnì. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìwé kékeré náà ń fúyẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyànjú tí mo lè sọ tí ó lè fún un ní ìgboyà tó bí ó ti ń rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé àwọn àṣìṣe òun ní ìdí, pé ìdí náà kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, àti pé wọ́n ń dín kù.

Ó wá ku ìbéèrè ìsàlẹ̀ bébà. Èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó lé e lórí ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, a sì fẹnu kò pé a kò ní dárúkọ máàkì kankan nínú ilé mọ́ títí ìdánwò yóò fi kọjá, yálà tirẹ̀ tàbí ti ọmọ ẹlòmíràn. Èyí tí ó ṣòro ni àwọn tí kò sí nínú ilé. Ìyá mi ní Ọ̀yọ́ máa ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, kì í sì í gbé e sílẹ̀ láìsọ pé ọmọ aládùúgbò òun gba 300, ìwọ náà kò gbọdọ̀ dójú tì wá o. A kì í sì í sọ fún ìyá ẹni pé kí ó panu mọ́. Mo lọ kí i ní ọjọ́ Sátidé kan, mo sọ fún un pé, "Màmá, àdúrà yín ni ọmọ yìí nílò jù. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá pè é, ẹ kàn súre fún un, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ti jẹun." Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ohùn mi ni ó ń dà á láàmú?" Mo ní rárá o, máàkì 300 yẹn ni. Ó rẹ́rìn-ín, láti ìgbà náà sì ni ó ti ń béèrè oúnjẹ, àní débi pé ọmọ náà ń ṣàròyé pé ẹ̀bà nìkan ni Màmá Ọ̀yọ́ ń bá òun sọ.

Ọ̀rọ̀ 300 yìí tilẹ̀ yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí díẹ̀. Nínú èsì 1,842,464 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2024 náà, 8,401 péré ni ó gba 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí kò tó ẹnì kan nínú igba ọmọ. Síbẹ̀ bí ènìyàn bá fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn òbí lẹ́yìn ìsìn, yóò rò pé gbogbo ilé ni ó ní ọ̀kan. Ìṣirò mìíràn tí mo ṣe níwájú ọmọ mi, tí ó sì tù ú lára púpọ̀, ni ti Yunifásítì Ìbàdàn tí ó fẹ́ wọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n a pín máàkì JAMB sí ọ̀nà mẹ́jọ, wọ́n a sì fi ìdajì máàkì Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, kún un. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó gba 266 fi máàkì méjì péré ju ẹni tí ó gba 250 lọ. Ọmọ náà wo ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Dádì, ṣé nítorí máàkì méjì ni n kò ṣe sùn?" N kò ní kí ó má sapá. Mo fẹ́ kí ó mọ ìwọ̀n ohun tí ó ń lé ni.

N kò lè fi ọ̀rọ̀ "expo", ìyẹn ìdáhùn tí wọ́n ń tà fún ọmọ nínú ìdánwò, sílẹ̀, nítorí ó wọ ilé wa náà. Ọkùnrin kan tí ó ní ilé lẹ́sìnnì wá bá mi, ó ní òun mọ ibi tí wọn yóò ti ran ọmọ mi lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, iye tí òun yóò gbà kò sì pọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìjọba sì kà á sí ìwà ọ̀daràn. Gbogbo ènìyàn mọ ìyẹn. Ohun tí n kò gbọ́ kí wọ́n máa sọ ni ohun tí ó ń ṣe sí ọkàn ọmọ. Òbí tí ó bá sanwó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti sọ fún ọmọ rẹ̀, láìla ẹnu, pé n kò gbà pé o lè dá a ṣe. Lẹ́yìn èyí, ìgboyà wo ni ó kù tí a fẹ́ kó sí i lára? Mo dá ọkùnrin náà lóhùn lójú ọmọbìnrin mi, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀, pé ẹ ṣé, ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n.

Ní ti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdánwò, àríyànjiyàn díẹ̀ wà láàárín èmi àti ìyá àwọn ọmọ. Ìyá fẹ́ kí ọmọ bá òun lọ sí ìṣọ́ òru tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìjọ wa. Mo ní Ọlọ́run tí ń gbọ́ àdúrà ní aago méjì òru ń gbọ́ ti aago mẹ́jọ alẹ́ pẹ̀lú. Nígbẹ̀yìn, ìyá lọ, ọmọ sùn, àdúrà sì lọ bí ó ti yẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà a ti wọ máíkírà lọ sí ibi ìdánwò, kí ó lè mọ ọ̀nà, kí ó mọ géètì, kí ó sì mọ ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà. Ìwé rẹ̀ sọ pé kí ó wà níbẹ̀ ní aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀, ẹni tí ó sì mọ Ìbàdàn mọ̀ pé a kì í fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ dánra wò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ó ti ń jí ní aago márùn-ún, tí ó sì ń ṣe ìbéèrè díẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ọpọlọ rẹ̀ lè mọ̀ pé iṣẹ́ wà ní àkókò yẹn. Ó mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, kò jẹ àjẹyó. A yọ aago ọwọ́ rẹ̀ nílé, nítorí wọn kì í gbà á wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù àti báírò. Nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, kò lé làálì nígbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó bọ́ sí àsìkò náà, èyí tí ó dùn ún díẹ̀. Ó sì mú aṣọ ìnujú kan dání láti fi nu òógùn ọwọ́. Ẹ̀rọ náà gba ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ó wọlé, mo kúrò níbẹ̀. Mo ti sọ fún un pé n kò ní dúró sí géètì, pé ilé ìtajà kan ní òdìkejì títì ni kí ó ti wá mi, kí ó má baà jókòó sínú gbọ̀ngàn kí ó máa rò ó pé oòrùn ń pa mí. Ó jáde, a ra búrẹ́dì àti mínírà, a sì sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn títí tí òun fúnra rẹ̀ fi dá a sílẹ̀. Ó ní àyà òun já nígbà tí òun rí ìbéèrè Kẹ́mísírì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí òun kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Ó ní òun mí kanlẹ̀, òun tẹ N, òun sì ń lọ, nígbà tí òun fi máa padà sí wọn pẹ̀lú P, méjì nínú wọn ti yé òun.

Máàkì tí ó gbà tó ohun tí ó fẹ́ kà, ó sì ti wà ní yunifásítì báyìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní oṣù karùn-ún 2025, Àjọ JAMB fúnra wọn jáde láti sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba ìdánwò ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù Ìlà-Oòrùn, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Mo ro ti àwọn ilé tí wọ́n ti fi ìbínú pàdé èsì àkọ́kọ́ yẹn kí òótọ́ tó jáde.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó kàn báyìí, ìwà tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀rù kì í ba eléyìí rárá. Ó ń ṣe ìbéèrè ogójì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ń ṣi ìdajì wọn. Bébà tí mo fún un pé kí ó kọ ohun tí ń já a láyà sí, òfìfo ni ó dá a padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi: ó fún un ní ìwé kékeré tirẹ̀, ó sì ní kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnì kankan kí ó tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n béèrè. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.